Yèyé Kì Í Kọjá Lára Ẹni Tó Ń Ṣiṣẹ́

Ojú mi yìí ló rí i. Kì í ṣe pé wọ́n sọ fún mi, kì í ṣe pé ẹnì kan fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Mo wà níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín ní Òsì tàbí ní Òkè-Ọ̀pin pé Yèyé Dọ̀kásì bá àwòrán jà nílùú àwọn Faransé, ẹ ní kó lọ jókòó. Bí òmíràn bá ní orí ìyá náà ti dàrú kó tó kú, tó fi ń bá ògiri sọ̀rọ̀ lójú òyìnbó, ẹ ní kó wá bá mi nílé. Èmi Àjàní, bíríkìlà, ọmọ ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ dàgbà, èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú wọ ilé àwòrán náà, èmi ni mo sì di ọwọ́ rẹ̀ mú jáde. Nínú gbogbo ẹbí wa tó kàwé rẹpẹtẹ, èmi tí n kò kọjá pírámárì fóò ni ó mú lọ. Nítorí náà, èmi ni n ó kọ ọ́.

N kò ní kọ ọdún tí wọ́n bí i àti ọdún tó ṣèrìbọmi. Ìyẹn wà nínú ìwé ètò ìsìnkú tí Bọ̀dá Káyọ̀dé tẹ̀. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni n ó sọ.

Yèyé kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó má kí i. Ẹ lè ní kí ló jẹ́ tuntun nínú ìyẹn, ṣebí gbogbo wa la ń kíni. Rárá o. Ẹ̀yin ń kíni bí ẹni tó ń gbọn eruku nù lára ni. Yèyé ń kíni bí ẹni tó ń bu omi fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Á dúró, á wò ọ́, á wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ, á wá kí ọ ní kíkí iṣẹ́ náà gan-an, á sì gba èsì kó tó gbé ẹsẹ̀. Ó ní ti àgbẹ̀, ó ní ti aláró, ó ní ti onídìrí. Ó ní ti ẹni tó ń wa kànga. Ó ní ti ẹni tó ń fọ́ èkùrọ́, ìyẹn sì yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń fún epo. Òmíràn wà tó jẹ́ pé òun ló dá a sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Èmi tí mò ń rẹ́ ògiri, bó ṣe ń kí mi nìyí: "Kó má là o!" Èmi náà á dá a lóhùn láti orí àkàbà pé, "Kò ní là, Yèyé." Ẹ lọ wo ilé tí mo kọ́ láti Ìlọ́fà títí dé Kòrò, ọ̀kan kò là. N kò ní sọ pé símẹ́ǹtì nìkan ni.

A ń bọ̀ láti Èrúkù lọ́jọ́ kan, èmi àti òun, nínú ọkọ̀ tó kún fọ́fọ́. Oòrùn mú bí iná. Yèyé rí àwọn ọkùnrin kan lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n ń kọ ebè. Ó gbá ẹ̀yìn àga dẹ́rẹ́bà.

"Dúró, ọmọ mi."

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ tọ̀ ni?"

"N kò fẹ́ tọ̀. Àwọn èèyàn ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún."

Dẹ́rẹ́bà rò pé ẹbí rẹ̀ ni wọ́n, ó dúró. Obìnrin kan tó gbé agbọ̀n lé ẹsẹ̀ pariwo pé, "Tòmátò mi ń rọ̀ o!" Yèyé kò dá a lóhùn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó rìn dé etí oko, ó ní, "Àroko bọ́dún dé o!" Gbogbo wọn na ẹ̀yìn tán pátápátá. Wọ́n ní, "Àṣẹ o, Yèyé!" Ọ̀kan ṣí fìlà. Ó padà wọlé, ó jókòó, ó tún gèlè rẹ̀ wé.

Dẹ́rẹ́bà ní, "Màmá, ṣé àbúrò yín ni wọ́n?"

"N kò mọ̀ wọ́n rí."

Ẹ wá gbọ́ ariwo nínú ọkọ̀. Onítòmátò fẹ́ẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Yèyé dúró kí wọ́n sọ tẹnu wọn tán, ó wá ní, "Bí o bá kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí o kò kí i, o ti sọ ọ́ di kùkùté."

Kì í dá ọmọ tirẹ̀ sí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bọ̀dá Káyọ̀dé ni àkọ́bí rẹ̀, tíṣà àgbà ni ní Ìlọrin. Ó ra mọ́tò, ó gbé e wálé kí ìlú rí i. Yèyé wà níwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Bọ̀dá kọ́kọ́ fẹ́ gbé mọ́tò náà yí ìlú ká, ó tẹ fèrè mọ́ Yèyé lára, píì-píì-pííì, ó ju ọwọ́, ó kọjá lọ. Nígbà tó fi máa padà dé, tòun ti búrẹ́dì gígùn lábíyá, ilẹ̀kùn ti wà ní títì.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màámi. Káyọ̀dé."

"Káyọ̀dé kò tíì dé. Mọ́tò kan ló kọjá."

"Ṣebí mo kí yín, Màámi. Mo fọn fèrè."

"Fèrè ló kí mi. Ó sì ti lọ."

Àwọn ará àdúgbò ti yọ jáde. Bọ̀dá Káyọ̀dé wò síwá, ó wò sẹ́yìn, ó gbé búrẹ́dì lé orí mọ́tò, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti kóòtù lára. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màámi. Ẹ kú ẹ̀gúsí bíbó." Ilẹ̀kùn ṣí. Ẹ̀gúsí yẹn náà ló sè fún un jẹ iyán lálẹ́. Bó ṣe ń bu ọbẹ̀ fún un ló ń sọ fún un pé, "Fèrè kọ́ ni mo bí."

Ìyẹn kéré. Ìjà tó pẹ́ jù nínú ilé wa kì í ṣe tirẹ̀, ti ọkọ rẹ̀ ni, Bàbá wa, àti àbíkẹ́yìn wọn, Àǹtí Bọ́sẹ̀. Àǹtí Bọ́sẹ̀ fẹ́ lọ bá ọkùnrin kan tó fẹ́ fẹ́ ẹ nílùú àwọn Faransé. Bàbá ní kò ní lọ. Àǹtí ní òun ń lọ. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tó lọ, Bàbá wà ní oko ẹ̀yìnkùlé lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń kọ ebè. Mo ti ń di géńdé nígbà náà, èmi ni mo ru àpótí Àǹtí Bọ́sẹ̀. Nígbà tí a dé ọ̀gangan Bàbá, ọkọ́ dúró lókè, kò sọ̀. Bàbá kò gbé orí. Ó ń retí. Àǹtí Bọ́sẹ̀ wo ọ̀nà iwájú, ó kọjá. Èmi kí Bàbá, kò dá mi lóhùn, nítorí pé kì í ṣe ohùn tèmi ló ń dúró dè. Ìgbà tí mo padà láti ibùdókọ̀, ibi ebè yẹn náà ló ṣì wà. Ó wí fún Yèyé lójú mi pé, "Ọmọ rẹ kọjá lára mi. Ọjọ́ tó bá kí mi ni kó wọ ilé mi."

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí Bàbá fi kú. Ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn ti dé etí Àǹtí Bọ́sẹ̀, kò wá sin ín. Kì í ṣe pé ó burú. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ló ń pè lórí fóònù, èmi ni mo máa ń gbé fóònù sí Yèyé létí, nítorí náà mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Yèyé á ní, "Bọ́sẹ̀, ìgbà wo lò ń bọ̀ wálé?" Òun náà á ní, "Ta ni n ó kí, Màámi?" Yèyé á wá fi ọwọ́ ti fóònù kúrò létí. Bí ọdún ṣe ń yí lu ọdún nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ni Yèyé wá fẹ́ láyé yìí, kì í ṣe aṣọ, kì í ṣe ilé: kí Bọ́sẹ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ilé Bàbá nígbà tí òun ṣì wà láàyè láti ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ó sọ ọ́ fún mi lábẹ́ igi ọsàn ilé wa. Ó ní, "N kò fẹ́ kó jẹ́ òkú mi ni yóò wá kí."

Mo ní láti sọ ti ìsìnkú Bàbá, torí pé a ó padà débẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ń gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ti gbé Yèyé jókòó sínú yàrá láàárín àwọn obìnrin, bí opó ṣe ń jókòó. Ó ṣàdédé dìde. Àwọn obìnrin ní, "Háà! Opó kì í débẹ̀!" Ó ti jáde. Ó lọ dúró létí kòtò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì kí àwọn tó wà nínú ìsàlẹ̀. Mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì. Mo rí àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ tí wọ́n dáwọ́ dúró, tí wọ́n wo ara wọn, tí ọ̀kan gbé ọwọ́ lé àyà kó tó dáhùn. Nígbà tó padà wọlé, àwọn obìnrin bò ó: kí ló lọ wá níbẹ̀, kí ni yóò sọ pé òun lọ ṣe? Yèyé jókòó sí àyè rẹ̀. Ó ní, "Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe."

Nígbà tí ọdún ti yí tó bẹ́ẹ̀ tí kò wálé, Àǹtí Bọ́sẹ̀ ní kí Yèyé wá wo òun níbi tí òun wà, kí ẹnì kan sì tẹ̀ lé e. Ilé dàrú. Bọ̀dá Káyọ̀dé ní òun ló yẹ.

Ó ní, "Ta ni yóò máa túmọ̀ fún un? Àjàní? Àjàní tí ìwé pátákó ojú títì kò yé?"

Mo ní, "Bọ̀dá, mo máa ń ka pátákó. Ó kàn jẹ́ pé mo máa ń dé ibi tí mò ń lọ kí n tó kà á tán ni."

Yèyé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá ní, "Káyọ̀dé á máa túmọ̀ ayé fún mi. Àjàní á jẹ́ kí n wò ó."

A dé ọ̀hún. Àǹtí Bọ́sẹ̀ tọ́jú wa, n kò lè parọ́. Àmọ́ bí Yèyé bá ti la ẹnu, tó ní, "Bọ́sẹ̀, nípa ilé," Àǹtí á ti dìde lọ gbé tíì kaná. Ó ń mú wa rìn káàkiri ìlú kí ọ̀rọ̀ má bàa ráyè jókòó. Nígbà tó kù díẹ̀ ká padà sílé, ó ní òun ti gba àyè fún wa nílé àwòrán kan, pé amọ̀nà kan yóò mú àwa àti àwọn mìíràn yí ká, yóò sì ṣàlàyé. Yèyé wò mí. Ó ní, "Ó dára. A ó jọ rìn."

Amọ̀nà náà jẹ́ ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ìborùn pupa wé ọrùn. Yèyé béèrè iṣẹ́ rẹ̀. Àǹtí ní ọ̀rọ̀ ló ń sọ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Yèyé kí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: "Kó má gbẹ lẹ́nu rẹ o!" Nígbà tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún un, ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní kò sẹ́ni tó kí òun bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní kí Yèyé wá máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

Ohun tó sọ fún wa ni pé àwọn tó ya àwòrán wọ̀nyí ti kú tipẹ́. Ó ní àwọn ayàwòrán ìgbà náà, inú yàrá ni wọ́n máa ń jókòó sí, ọba àti ògágun ni wọ́n ń yà. Àwọn wọ̀nyí gbé ọ̀dà jáde sínú oòrùn, wọ́n ń ya omi, wọ́n ń ya koríko, wọ́n ń ya ẹni tó ń fọṣọ. Wọ́n ń yára yà á kí oòrùn tó yí ojú padà. Àwọn èèyàn fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé iṣẹ́ wọn kò parí. Èmi sún mọ́ ọ̀kan láti wò ó bí oníṣẹ́. Mo rí ọ̀dà kóbokòbo, bí ìgbà tí ọmọ iṣẹ́ bá da símẹ́ǹtì sára ògiri tí kò tíì fi pákó fà á. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Amọ̀nà ní kí n sún sẹ́yìn. Mo sún sẹ́yìn, ọ̀dà náà bá di odò, àwọn ọkùnrin méjì sì ń wa ọkọ̀ lórí rẹ̀. Mo dákẹ́. N kì í sábà dákẹ́.

Yèyé wo àwọn awakọ̀ náà dáadáa. Ó ní, "Ọkọ̀ á rèfò o!" Ó dúró.

Gbogbo èèyàn yíjú wo Yèyé. Mo mọ ìyá mi. Bí ẹnì kankan kò bá dáhùn, ibẹ̀ ni ilẹ̀ yóò ti ṣú bá wa. Mo ki ohùn bọlẹ̀, mo ní, "Àṣẹ o, Yèyé!" Ó gbé ẹsẹ̀.

Àǹtí Bọ́sẹ̀ fà á láṣọ. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì mí. Àwòrán ni wọ́n."

"Mo mọ̀ pé àwòrán ni. Ṣé wọn kò ṣiṣẹ́ ni, nígbà tí wọ́n ń yà wọ́n?"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ. A dé ibi tí obìnrin kan ti ń mi ọmọ nínú ibùsùn kékeré, ó ní, "Ẹ kú ọwọ́ lómi o." Mo fi ohùn obìnrin dá a lóhùn, ó dún dáadáa. A dé ọ̀dọ̀ àwọn kan tó tẹ́ aṣọ sórí koríko tí wọ́n ń jẹun. Yèyé ní, "Á gba ibi ire o." Ó dúró kí wọ́n ní kó wá jẹun. Wọn kò sọ ọ́.

"Wọ́n láhun," ó wí fún mi.

Mo ní, "Ẹ wá jẹun o, Yèyé!"

"Mo ti yó."

Àmọ́ nígbà tí a yà sí yàrá kan, tí àwòrán tó kàn jẹ́ ti obìnrin tó ń wẹ̀ nínú ọpọ́n, Yèyé fi gèlè bo ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀, ó di ọrùn mi mú bí ẹni mú adìẹ. "Yíjú!"

"Yèyé, àwòrán ni."

"Bó bá jẹ́ ìyá rẹ ńkọ́?"

Mo yíjú. Amọ̀nà bi Àǹtí pé kí ló dé, Àǹtí sọ fún un. Bàbá òyìnbó àgbàlagbà kan tó ń fi ọ̀pá rìn láàárín wa gbọ́ ọ, òun náà bá yí ẹ̀yìn padà jẹ́ẹ́jẹ́, ó sì ń fi ẹ̀yìn rìn kọjá pẹ̀lú wa. Àǹtí Bọ́sẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí eyín rẹ̀ láti ìgbà tí a ti débẹ̀. Yèyé náà rí i. Ó ní, "Ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín, kò ní pẹ́ kíni."

Ẹ wá gbọ́ èyí tí mo torí rẹ̀ mú bírò.

Àwòrán kékeré kan wà ní igun. Kò tó fèrèsé ilé ìdáná. Amọ̀nà kò tilẹ̀ dúró níbẹ̀, ó ti ń kó àwọn èèyàn lọ sí yàrá kejì. Ọkùnrin kan ló wà nínú rẹ̀, ó tẹ̀ sórí ọkọ́. Òyìnbó ni, bàtà igi ló wọ̀. Ilẹ̀ tó ń ro pupa, ó sì dú, ó tún dà bí aró níbi tí oòrùn kò tíì dé. Ẹni tó yà á kò ya ojú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló yà. Ọkọ́ rẹ̀ wà lókè, kò tíì sọ̀. Mo sún mọ́ ọn, ọ̀dà ni. Mo sún sẹ́yìn, ẹ̀yìn Bàbá wa ni.

Yèyé kò kí i. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù.

"Bọ́sẹ̀."

"Màámi."

"Kí i."

"Màámi, wọ́n ti ń fi wá sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ."

"Kí i."

"N kò mọ̀ ọ́n. Òun náà kò mọ̀ mí."

Yèyé gbé ọ̀pá rẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé e lórí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ó ti jókòó nìyẹn, bó tilẹ̀ wà lórí ìdúró. Àǹtí Bọ́sẹ̀ kọjú sí i.

"Ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Láti ilé lẹ ti ń wá ibi tí ẹ ó ti mú mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Òkú ni Bàbá!"

"Mo mọ̀. Èmi ni mo sin ín. Ìwọ ni o kò sí níbẹ̀."

Mẹ́gádì kan wá. Ó tọ́ka sí ọ̀nà, ó sọ Faransé. Amọ̀nà padà dé, ó wo Yèyé, ó wo ojú Àǹtí, ó bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì pé ṣé ó rẹ màmá ni. Gẹ̀ẹ́sì mi tó mi lò. Mo ní, "Nó. Wọ́kì." Mo tọ́ka sí ọkùnrin ọlọ́kọ́ náà. Mo tún tọ́ka sí Àǹtí Bọ́sẹ̀, mo ní, "Fádà." Ọmọbìnrin yẹn ní làákàyè. Ó bá mẹ́gádì sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́, mẹ́gádì lọ gbé àga wá. Yèyé wo àga, ó mi orí.

"Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wà lórí ìdúró," ó wí.

Àwọn tí a jọ wọlé ti lọ. Àwọn tó dé lẹ́yìn wa ti wo àwòrán yẹn, wọ́n ti wò wá, wọ́n ti kọjá. Yèyé kò yẹ̀. Mo ti rí òkúta tí a fi ọkọ̀ katakata fà tó yẹ̀. Yèyé kò yẹ̀.

Níkẹyìn, Àǹtí Bọ́sẹ̀ ní, ohùn rẹ̀ ti kéré bí ti ọmọdé, "Màámi, bí mo bá kí i, ta ni yóò dá mi lóhùn?"

Mo la ẹnu. Ṣebí iṣẹ́ mi ni láti àárọ̀. Yèyé gbá mi lọ́wọ́ mú, ó fún ọwọ́ náà pinpin. "Kì í ṣe ìwọ."

Àpò bọ́ lọ́wọ́ Àǹtí Bọ́sẹ̀. Ó kúnlẹ̀ tòun ti ṣòkòtò àti kóòtù ńlá, lórí pákó dídán yẹn, lójú gbogbo wọn. Ó ní, bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé wa gan-an, kì í ṣe bí àwọn ará Ìlọrin, "Ẹ kú uṣẹ́ o, Bàbá."

Ó dúró. Àwa náà dúró.

Yèyé kò yí ohùn padà bí èmi ṣe ń yí tèmi. Ohùn ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ó ní, "Ooo. Bọ́sẹ̀, o kú ìrìn. Wọlé."

Bí ẹnikẹ́ni bá pe ìyẹn ní orí dídàrú, kí Ọlọ́run da orí tèmi náà rú bẹ́ẹ̀.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tí a wọ̀ padà, Àǹtí Bọ́sẹ̀ gbé orí lé èjìká Yèyé, ó sùn lọ. Mo rò pé Yèyé náà ti sùn. Ó ṣàdédé ní, "Àjàní, o rí ọkọ́ ọkùnrin yẹn? Èrúkọ́ rẹ̀ gùn jù."

Kérésìmesì ọdún yẹn kò kọjá tí Àǹtí Bọ́sẹ̀ fi dé. Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, lọ́nà tó gbà jáde. Yèyé ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn láti àárọ̀, kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun ṣí i. Lẹ́yìn ìyẹn, Àǹtí Bọ́sẹ̀ tún wá lásìkò iṣu tuntun, wọ́n jọ bó ẹ̀gúsí, wọ́n jọ jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀, ó dùn mọ́ wọn. Ohun tí Yèyé fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín pé kò tẹ̀ ẹ́.

Ìgbà tó kú, ọ̀sán gangan ni, lórí àga rẹ̀ níwájú ilé. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wá gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bàbá. Àwa mẹ́ta lọ dúró létí kòtò: Bọ̀dá Káyọ̀dé, Àǹtí Bọ́sẹ̀, èmi. Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ gbé orí sókè, wọ́n ń wò wá. Ìgbà yẹn ni Àǹtí Bọ́sẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.

"Àjàní, kí ni Màámi kí wọn lọ́jọ́ Bàbá? Ìwọ ló wà níbẹ̀."

Mo wà níbẹ̀. Ojú mi yìí ló rí i. Mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì, mo rí ọwọ́ tí ọmọkùnrin yẹn gbé lé àyà. Etí mi kò gbọ́. Nínú àwọn tó gbẹ́lẹ̀ nígbà náà, ẹnì kan ló kù láyé, Èkó ló wà. A pè é lórí fóònù níbi tí a dúró sí. Ó ní òun kò rántí ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ó ní ohun tí òun rántí ni pé ọkọ́ fúyẹ́ lọ́wọ́ òun lẹ́yìn rẹ̀.

A kò kọjá lọ. Bọ̀dá Káyọ̀dé gbé ìkíni kan wò, kò wọlé. Àǹtí gbé òmíràn wò, ẹkún gbà á. Níkẹyìn, àwa mẹ́ta pa ohùn pọ̀, a ní, "Ẹ kú uṣẹ́ o." Wọ́n ní, "Ooo." Ó tó. Àmọ́ kì í ṣe ti Yèyé.

Èmi ni mo mọ búlọ́ọ̀kù ilẹ̀ rẹ̀. N kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Mo wà nínú ìsàlẹ̀ yẹn, mò ń rẹ́ ẹ délẹ̀délẹ̀, ni mo gbọ́ ohùn Àǹtí Bọ́sẹ̀ lókè: "Kó má là o!"

Mo ní, "Kò ní là."

Nígbà tí àlejò tú ká, a jókòó, a ka àwọn ìkíni rẹ̀ tí ó kù lẹ́nu wa. Wọ́n pọ̀. Èyí tó sọnù nìyí. Ti ẹni tó ń fọ́ èkùrọ́, ọ̀kan. Ti ẹni tó ń wa kànga, ọ̀kan. Ti ẹni tó ń gbẹ́ ilẹ̀ òkú, ọ̀kan. Àti Yèyé, ọ̀kan.